Ẹ Má Dá Mọ́tọ̀ Òrùlé Lẹ́bi Kí Ẹ Tó Yẹ Okùn Rẹ̀ Wò

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, òǹkàwé yín kan láti Ìjẹ̀bú-Òde kọ̀wé sí ojú ìwé yìí pé ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ aṣọ, tí ó sì ń ṣí fúnra rẹ̀, kì í ṣe ọkọ̀ tí ó yẹ kí ènìyàn rà ní ilẹ̀ wa, nítorí pé bí òrùlé náà bá ti kọṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sí ẹni tí yóò rí i tún ṣe mọ́. Ó ní Boxster tòun ti wà lábẹ́ igi máńgòrò nínú ọgbà òun láti ìgbà òjò ọdún tó kọjá, tí òrùlé rẹ̀ kò ṣí tán, tí kò sì pa dé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ti pààrọ̀ mọ́tọ̀ òrùlé náà, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tí ń fi iná bátìrì gbé òrùlé, fún un láìsí àyípadà kankan. Mo bá a kẹ́dùn tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n n kò gbà pé ọkọ̀ ni ó jẹ̀bi. Irú ọkọ̀ kan náà ni mo ń wà, irú àìsàn kan náà ló kọ lu tèmi, irú ìnáwó kan náà ni mo sì ṣe kí n tó bá ẹni tí ó mọ ibi tí a ń fọwọ́ kàn pàdé.

Kí n kọ́kọ́ sọ irú òrùlé tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí pé òrùlé yàtọ̀ sí òrùlé. Boxster àkọ́kọ́, èyí tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n dáadáa ń pè ní 986, ni ilé iṣẹ́ Porsche ti ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 1996, lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé àwòkọ́ṣe rẹ̀ jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní ìlú Detroit ní 1993. Ní 2004 ni òmíràn gba ipò rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ni wọn kò tilẹ̀ tò ní Jámánì rárá, bí kò ṣe ní ìlú Uusikaupunki ní ilẹ̀ Finland. Tèmi jẹ́ ti 1999, ọmọ mi tí ó ń gbé ní Houston ni ó fi ránṣẹ́ sí mi nígbà tí mo fẹ̀yìn tì kúrò nídìí iṣẹ́ olùkọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá rẹ̀ ní ọkọ̀ tí a ó fi máa kó iṣu lọ́jà ló yẹ kí ó fi ránṣẹ́. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò sí níwájú, kò sì sí nínú búùtù ẹ̀yìn. Àárín ni ó wà, lẹ́yìn ìjókòó gan-an, lábẹ́ ibi tí òrùlé ń ká sí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo ń padà bọ̀ síbẹ̀.

Ohun tí ó ń gbé òrùlé yìí kò ṣòro láti lóye. Mọ́tọ̀ kékeré kan ṣoṣo wà ní agbedeméjì lẹ́yìn ìjókòó méjèèjì. Okùn irin méjì tí a fi ike bò, tí ó jọ okùn bíréèkì kẹ̀kẹ́, ti ara mọ́tọ̀ náà jáde, ọ̀kan gba ọ̀tún, ọ̀kan gba òsì. Okùn wọ̀nyí kì í fa nǹkan, wọn kì í sì í ti nǹkan. Yíyí ni wọ́n ń yí nínú ike wọn, gẹ́gẹ́ bí okùn tí ń yí ọwọ́ aago tí ń sọ iye eré nínú àwọn ọkọ̀ àtijọ́. Orí okùn kọ̀ọ̀kan ní igun mẹ́rin, ó sì wọnú ihò onígun mẹ́rin lára àpótí jíà kékeré kan tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀. Àpótí jíà méjèèjì yìí ni wọ́n ń fi ọ̀pá gbé ìdérí irin ẹ̀yìn sókè, tí wọ́n sì ń ká egungun òrùlé wọ abẹ́ rẹ̀. Bí ohun gbogbo bá pé, ìṣẹ́jú àáyá 12 ni gbogbo rẹ̀ ń gbà.

Ẹ kíyè sí i pé n kò dárúkọ òróró. Àwọn ọkọ̀ kan wà tí òróró ni ó ń ti òrùlé tiwọn, bí i Mercedes SL tí wọ́n ṣe láti 1989 sí 2001, èyí tí òróró máa ń kán láti òkè gíláàsì iwájú sórí aṣọ funfun ẹni tí ó wà á bí rọ́bà inú rẹ̀ bá ti gbó. Bẹ́ẹ̀ náà ni BMW Z4 àkọ́kọ́, tí mọ́tọ̀ òróró rẹ̀ jókòó sí ìsàlẹ̀ ihò òrùlé níbi tí omi òjò ti ń rì í bí ihò ìṣàn omi bá dí. Ti Boxster kò ní òróró kankan tí ń gbé òrùlé. Ọ̀rọ̀ yìí ná mi lówó, ẹ ó rí i láìpẹ́.

Ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kẹsàn-án ni tèmi ṣẹlẹ̀, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Bódìjà. Òjò ṣú dùdù láti apá ìlà-oòrùn. Mo fa hándíbíréèkì sókè, mo tẹ bọ́tìnnì kí òrùlé lè bò. Ìdérí ẹ̀yìn gbéra, òrùlé yọ orí jáde, apá ọ̀tún ń bọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, apá òsì dúró gbagidi. Kí n tó gbé ìka kúrò lórí bọ́tìnnì, gbogbo egungun rẹ̀ ti wọ́ sápá kan bí fìlà tí ọkọ ìyàwó gẹ̀ sétí. Nǹkan kan sì dún “kẹ̀ẹ́” lábẹ́ ìdérí náà. Àwọn akọrin bá mi wá ọ̀rá tí wọ́n fi ń bo àwọn ẹ̀rọ gbohùngbohùn wọn, a fi bo ìjókòó, òjò sì bá mi dé ilé. Ìyàwó mi kò sọ ohunkóhun. Ó kàn bu ẹ̀rín, ó wọlé lọ.

Ilé iṣẹ́ mẹkáníìkì tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ (n kò ní dárúkọ wọn, nítorí pé kì í ṣe ìjà ni mo bá wá) kò béèrè bí ọ̀rọ̀ ṣe ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní mọ́tọ̀ ti jóná, òróró òrùlé sì ti gbẹ. Mo sanwó mọ́tọ̀ tòkunbọ̀, mo sanwó òróró lítà méjì. Ibi tí wọ́n da òróró náà sí, Ọlọ́run nìkan ló mọ̀. Wọ́n so mọ́tọ̀ kejì náà mọ́ ọn, wọ́n tẹ bọ́tìnnì, apá ọ̀tún tún ń bọ̀, apá òsì tún dúró. Wọ́n ní mọ́tọ̀ kejì yẹn náà kò dára tó, kí n jẹ́ kí àwọn wá ẹ̀kẹta. Ibẹ̀ ni mo ti gba kọ́kọ́rọ́ mi padà.

Ẹni tí ó gbà mí sílẹ̀ ni ríwáyà àgbàlagbà kan ní Mọ́kọ́lá, tí gbogbo irinṣẹ́ rẹ̀ kò ju àpótí kan lọ. Kí ó tó ṣí ohunkóhun, ó jókòó lórí bẹ́ńṣì, ó ní kí èmi náà jókòó.

“Tíṣà,” ni ó wí, “nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ǹjẹ́ ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀?”

Mo ní, “Mo gbọ́ ọ, Bàbá. Ó ń kùn.”

Ó ní, “Ẹni tí ń kùn kò tíì kú. Kí ni ẹ wá pààrọ̀ rẹ̀ fún?”

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ kí òǹkàwé Ìjẹ̀bú-Òde náà gbọ́ kò ju ìbéèrè yìí lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ díẹ̀. Iná kì í dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀ òrùlé Boxster láìjẹ́ pé ó gba ẹnubodè púpọ̀ kọjá. Bátìrì gbọ́dọ̀ ní agbára. Hándíbíréèkì gbọ́dọ̀ wà lókè, nítorí pé súwíìṣì kékeré kan wà nídìí rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí òrùlé gbéra bí ọkọ̀ bá lè yí. Ìkọ́ tí ó so òrùlé mọ́ òkè gíláàsì iwájú, èyí tí a ń fi ọwọ́ ṣí, gbọ́dọ̀ ti ṣí, nítorí pé súwíìṣì mìíràn wà níbẹ̀ náà. Fíúsì gbọ́dọ̀ wà láàyè, rílè, ìyẹn súwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀, sì gbọ́dọ̀ gbà. Bí mọ́tọ̀ bá wá ń kùn, gbogbo ẹnubodè wọ̀nyí ti ṣí sílẹ̀ nìyẹn, mọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ sì ń yí. Ẹjọ́ ti kúrò lọ́dọ̀ iná, ó ti di ti ohun tí ó wà láàárín mọ́tọ̀ àti òrùlé. Ọ̀dọ̀ wa ni a ti wá rí mẹkáníìkì tí ó gbọ́ kíkùn yẹn pẹ̀lú etí ara rẹ̀, tí ó sì tún ní kí a ra mọ́tọ̀.

Bí kò bá kùn rárá, ọ̀rọ̀ di òmíràn, síbẹ̀ mọ́tọ̀ ṣì ni ẹni ìkẹyìn tí a ń mú. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ máa ń sọ ibi tí iná ti dúró bí a bá mọ bí a ṣe ń bi í. Bàbá fi hàn mí báyìí. Ó yí kọ́kọ́rọ́ sí iná, ó fa hándíbíréèkì, ó ní kí n wo iná pupa rẹ̀ níwájú. Bí iná pupa náà bá tàn, súwíìṣì ìdí rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìkọ́ òkè, gíláàsì ilẹ̀kùn méjèèjì sì sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ fúnra wọn. Ẹni tí ó bá rí i kí wọ́n sọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ní láti fura sí súwíìṣì ìkọ́ mọ́. Ó wá ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ máa tẹ bọ́tìnnì, òun tẹrí bọ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù níhà ẹsẹ̀ awakọ̀, ó ń fetí sí rílè. “Tá,” ó tún dún “tá.” Méjì ni rílè náà nínú àpò kan, ọ̀kan ń rán iná lọ fún ṣíṣí, èkejì ń yí ojú iná náà padà fún bíbò. Nítorí náà, òrùlé tí ó bá ń ṣí tí kò bò, tàbí tí ó ń bò tí kò ṣí, ẹ má wulẹ̀ wo ọ̀nà ibi tí mọ́tọ̀ wà, nítorí pé mọ́tọ̀ kan náà ni ó ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Kìkì ìgbà tí a bá fi ẹnu tẹ́sítà kan wáyà tí ó wọ mọ́tọ̀, tí iná rẹ̀ tàn bí ọmọṣẹ́ ti ń tẹ bọ́tìnnì, tí mọ́tọ̀ sì dákẹ́, ni a tó lè sọ pé mọ́tọ̀ ti kú.

Bátìrì ni mo fẹ́ fi ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ iná tì sí. Boxster tí a kì í gbé jáde ju ọjọ́ Àìkú lọ máa ń ní bátìrì tí ó ti rẹ̀. Bátìrì tí ó pé yẹ kí ó tó fóltì 12.6 nígbà tí ọkọ̀ bá ti sinmi. Bí ó bá kéré gan-an sí èyí, òrùlé á máa falẹ̀, ó sì lè dúró lójú ọ̀nà. Ẹ ta ẹ́ńjìnnì kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì, ìyẹn kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí tèmi. Bàbá ká kápẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn ìjókòó sókè, ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìdérí ẹ̀yìn, ó di okùn ọ̀tún mú ní ẹnu ibi tí ó ti wọ àpótí jíà, ọmọṣẹ́ tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan fẹ́rẹ́, ó sì mi orí. Ó di ti òsì mú, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n fọwọ́ kàn án fúnra mi. Mo fọwọ́ kàn án: okùn náà ń yí nínú ike rẹ̀ bí ejò, ṣùgbọ́n ike náà ti fà yọ kúrò nínú òrùka irin tí ó dì í mú, orí onígun mẹ́rin náà kò sì wọ inú ihò rẹ̀ tó mọ́. Nígbà tí ó yọ ọ́ jáde, ó nà án sí mi nínú oòrùn. Igun mẹ́rin náà kò ṣe é rí mọ́. Ó ti ń yí lásán fún ìgbà pípẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di róbótó bí ẹnu ìkọ̀wé. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ ta mọ́tọ̀ fún mi, tí wọ́n sì fẹ́ tún ta òmíràn, kò ga ju èékánná ìka ọwọ́ mi lọ.

Ó tú okùn méjèèjì kúrò lára mọ́tọ̀, ó fi dírílì tí ń lo bátìrì yí àpótí jíà òsì díẹ̀díẹ̀ títí tí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì fi dọ́gba, ó ń fi rúlà wọn àlàfo tí ó wà lábẹ́ ìdérí ní ọ̀tún àti ní òsì. Ó ní bí wọn kò bá dọ́gba kí a tó so okùn tuntun, òrùlé yóò tún wọ́, àti pé ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ń kánjú ti ń ba ọkọ̀ olókọ̀ jẹ́. A rí okùn méjì rà. Owó méjèèjì kò tó ìdá mẹ́rin owó tí mo fi ra mọ́tọ̀ tí n kò nílò. Ó ní kí n má ṣe pààrọ̀ ọ̀kan kí n fi èkejì sílẹ̀, nítorí pé ọjọ́ orí kan náà ni wọ́n ní.

Ohun tí ó dún “kẹ̀ẹ́” ńkọ́? Ike kékeré kan ni, tí ó dà bí ife, tí ó gbá bọ́ọ̀lù irin mú ní orí ọ̀pá tí ó ń ti egungun òrùlé. Nígbà tí ẹ̀gbẹ́ kan ń lọ tí èkejì kò lọ, ike náà ni ó fi ara rẹ̀ jìn, ó là. Àwọn ènìyàn kan ń ta èyí tí wọ́n fi irin ṣe, wọ́n ní kò lè là láéláé. Bàbá kò gbà kí n rà á, èmi náà sì ti ronú sí i, mo gbà pẹ̀lú rẹ̀: bí ike kò bá là, ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni yóò tẹ̀ tàbí kí ó ya, egungun òrùlé àti eyín jíà sì wọ́n ju ike lọ fíìfíì.

Ike yìí ni ó mú mi padà sí ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dé orí ẹ́ńjìnnì Boxster gbọ́dọ̀ tú àwọn ọ̀pá wọ̀nyí kúrò lára bọ́ọ̀lù wọn, kí ó lè ti òrùlé àti ìdérí sẹ́yìn kúrò lọ́nà. Bí ó bá fi sikurú-dráífà fa ike náà ní ìfà ìbínú, tàbí tí ó dá ọ̀kan padà láìjẹ́ kí ó dún wọlé dáadáa, òrùlé yóò ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ náà, á sì wọ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì, nígbà tí kò sí ẹni tí yóò rántí pé a ti tú ẹ́ńjìnnì rí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ bi olókọ̀ ni pé: ta ni ó kẹ́yìn tú ẹ̀yìn ìjókòó yìí, kí ni ó sì wá ṣe níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ omi kù. Ní etí ibi tí òrùlé ń ká sí, lábẹ́ ìdérí irin, ihò ìṣàn omi wà ní ọ̀tún àti ní òsì, tí omi òjò ń gbà jáde sílẹ̀ níwájú táyà ẹ̀yìn. Nígbà tí Bàbá ṣí tèmi, ó fi ìka méjì yọ ewé jáde láti ihò òsì, ewé dúdú tí ó ti jẹrà pọ̀ mọ́ eruku ọyẹ́, ó ń rùn bí ilẹ̀ odò. Omi tí kò bá rí ọ̀nà ibẹ̀ gbà yóò wá ọ̀nà wọnú ọkọ̀, á sì gbá jọ sábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Lábẹ́ ìjókòó òsì, tí í ṣe ti awakọ̀ nínú àwọn ọkọ̀ tí a ń lò ní Nàìjíríà, sì ni wọ́n gbé bíréènì bọ́ọ̀sì tí ń dá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ mọ̀ sí. Bí omi bá mu ún, ọkọ̀ kò ní ta mọ́, aláàmù á máa ké lóru, wọn á sì ní kọ́kọ́rọ́ ni ó bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tí ó ra kọ́kọ́rọ́ tuntun nítorí ewé. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ṣí òrùlé dé agbedeméjì, ẹ fi ọwọ́ kó ohun tí ẹ bá rí, ẹ ti okùn ọ̀rá tí wọ́n fi ń gé koríko bọ ihò náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ sì da ife omi kan sí i, kí ẹnì kan máa wo ìsàlẹ̀ bóyá ó ń jáde. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ fọ́káníṣà fẹ́ ẹ, ó lè já rọ́bà inú rẹ̀ kúrò níbi tí ẹ kò lè dé.

Gíláàsì ẹ̀yìn kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Nínú àwọn tí ó ṣáájú ti 2003, kì í ṣe gíláàsì rárá, ike ni, oòrùn wa sì ń sọ ọ́ di líle àti pípọ́n. Bí òrùlé bá dé agbedeméjì nígbà tí ó ń ṣí, ẹ dúró, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ran ike náà lọ́wọ́ kí ó ká síbi tí ó yẹ, kí ẹ tó parí rẹ̀. Èyí tí ó bá ká síbi tí kò yẹ ni ó ń ya.

Olóòtú, bí ẹ bá lè bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí jíṣẹ́ fún òǹkàwé Ìjẹ̀bú-Òde náà, ẹ sọ fún un pé kí ó jókòó sínú ọkọ̀ náà, kí ó ta ẹ́ńjìnnì, kí ó fa hándíbíréèkì, kí ó tẹ bọ́tìnnì fún ìṣẹ́jú àáyá kan péré, kí ó sì fetí sílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ kíkùn, kí ó gbé ìka kúrò, kí ó sì wá ríwáyà tí yóò yẹ okùn méjèèjì wò. Mọ́tọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n yọ, kí ó gbà á padà lọ́wọ́ wọn, ó ṣeé ṣe kí ó ṣì dára. Kí ó sì jọ̀wọ́ gbé ọkọ̀ náà kúrò lábẹ́ igi máńgòrò yẹn lónìí.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì,
Bódìjà, Ìbàdàn.